Òkè Tó Ń Wo Ganaja

Ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ìwà ọmọ ni a sábà máa ń jíròrò lójú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ wọ bàtà tó le, ẹ bu omi sínú ike, kí a jọ gun òkè.

Ọmọ mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti ilé-kéwú dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ mi gun Òkè Pàtí."

Mo bi í pé, "Kí ni o sọ nù síbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sí, sà. Mo kàn fẹ́ wo Ganaja láti òkè ni."

Bí kì í bá ṣe gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ǹ bá ti sọ fún un pé kí ó lọ ka ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí mo mọ ibi tí ó ti wá.

Ẹni tí kò bá gbé Ganaja lè má tètè lóye rẹ̀. Abúlé wa wà ní ẹ̀bá Odò Ọya, ní gúúsù Lọ́kọ́jà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àjàòkúta. Lókè wa níbẹ̀ ni odò Bẹ́núé ti wọ inú Odò Ọya, tí àwọn méjèèjì sì para pọ̀ di odò kan. Gbogbo omi tí ó bá sì ti ìhà méjèèjì wá, iwájú wa ni yóò gbà kọjá. Ní ọdún 2012, odò kún dé ibi tí ojú kò rí rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó tún kún, omi bo ọ̀nà tí a ń gbà wọ Lọ́kọ́jà, ó sì di ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń rìn níbi tí ọkọ̀ akérò ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Àwa náà kó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi kan ní àárín ìlú, a sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ń rọ̀ lóru, ọmọkùnrin yìí á dìde, á mú tọ́ọ̀ṣì, á lọ wo ẹnu ọ̀nà bóyá omi ti dé. Ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí, èmi náà bá a sọ̀rọ̀ títí, kò jáwọ́.

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó sí Ganaja láti ọdún púpọ̀, mi ò ronú kàn án rí pé kí n gòkè lọ wo bí ilé tí mo ń gbé ṣe rí. Ọmọdé ni ó rò ó. Mo ní kí ó jẹ́ kí a múra, pé gbogbo wa ni a ó jọ lọ.

IRÚ ÒKÈ WO NI?

Òkè Pàtí ni òkè gíga tí ó dúró lẹ́yìn ìlú Lọ́kọ́jà bí ògiri. Gíga orí rẹ̀ tó nǹkan bí 458 mítà sí ojú òkun. Níwọ̀n bí etí odò ti rẹlẹ̀ gan-an, ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ lọ dé orí òkè náà ti gòkè ní nǹkan bí 400 mítà. Èdè Nupe ni a ti mú orúkọ rẹ̀: òkè ni wọ́n ń pè ní "pàtí" lọ́dọ̀ wọn, òun náà ni ó sì wà nínú orúkọ ìlú Pàtígi ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí ó túmọ̀ sí òkè kékeré. Nítorí náà, nígbà tí àwa Yorùbá bá wí pé "Òkè Pàtí", òkè ni a pè lẹ́ẹ̀mejì. Òkè náà kò sì bínú sí wa.

Bí ẹ bá wò ó láti ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì, kò ṣóńṣó bí orí ahéré. Ohun tó fà á ni pé òkúta tó ní irin nínú, tó sì le, ló bo orí rẹ̀ bí ìdérí, nígbà tí òkúta iyanrìn tí kò le tó bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́. Òjò ń jẹ ẹ̀gbẹ́ òkè náà, ṣùgbọ́n kò rí ìdérí náà jẹ bọ̀rọ̀. Irú ìdérí kan náà ni ó wà lórí òkè Agbájá, ibùjókòó àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ìmọ̀ yìí wúlò fún ẹni tó ń gun òkè. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ìsàlẹ̀ òkè yóò rọjú díẹ̀, ṣùgbọ́n apá òkè pátápátá ni yóò dúró gbagidi. Ó tún jẹ́ kí a mọ̀ pé ìdérí náà máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn òkúta pupa róbóróbó bí ẹ̀wà yóò sì dà sí ojú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ wọ́n láìfura, yíyọ̀ ni yóò yọ̀.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà. Ọ̀nà ọkọ̀ kan wà tí ó ń yí kọ́rọkọ̀rọ gòkè, òun ni ó yẹ ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́. Àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ sì wà tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń ṣẹ́gi ń tọ̀. Àwọn wọ̀nyí yá ju ọ̀nà ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ga fíofío, ẹni tí kò bá sì mọ̀ wọ́n kò gbọ́dọ̀ dá wọn tọ̀.

ÌMÚRA WA

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè kí ó kọ́kọ́ ṣírò àkókò rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni William Naismith ará Scotland fi ìlànà kan lélẹ̀ ní ọdún 1892 tí àwọn agunkè ṣì ń lò dòní: wákàtí 1 fún bíi kìlómítà 5 tí a bá rìn, kí a sì fi wákàtí 1 mìíràn kún un fún gbogbo 600 mítà tí a bá gòkè. Bí ọ̀nà bá jẹ́ kìlómítà 5, tí ó sì ga tó 400 mítà, ó di wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 40. Ẹni tó lágbára ni a fi ṣe ìṣirò yẹn o. Bí ọmọdé, àgbàlagbà tàbí ẹni tó sanra bá wà láàárín yín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Èmi tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, n kò sì tijú.

Mo kọ́kọ́ bi dókítà náà léèrè bóyá mo lè lọ. Ó ní mo lè lọ bí mo bá ti ń fẹsẹ̀ rìn déédéé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú láti máa ṣe eré ìdárayá fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, irú èyí tí ó ń mú ni mí díẹ̀. Fún ọmọdé, ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ni. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò le: bí o bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, o wà ní ìwọ̀n. Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, dúró kí o sinmi.

Ní ti kẹ̀kẹ́, èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà rẹ̀ méjèèjì. Mo fi òróró sí ṣéènì. Mo tún ìjókòó gbé sókè díẹ̀ kí ẹsẹ̀ ọmọ náà lè nà dáadáa, nítorí ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń kọlu àyà kò lè wa kẹ̀kẹ́ gòkè pẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Ẹ rántí ohun tí mo yẹ̀ wò, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ìyàwó mi di omi, ẹ̀pà àti dàbínù. Òun àti ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9 wọ ṣòkòtò gígùn sábẹ́ aṣọ wọn àti bàtà kánfáàsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa tí ó mọ òkè náà dáadáa gbà láti sìn wá. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí. Nínú ayé tí a wà yìí, a kì í dá igbó wọ̀, a kì í sì í lọ láìjẹ́ pé a ti bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè bóyá ọ̀nà dára.

GÍGUN NI AGBÁRA

A kí ìrun Sùbúì, a sì gbéra kí oòrùn tó mú. Oṣù kọkànlá ni. Òjò ti dáwọ́ dúró, ọ̀nà kò yọ̀ mọ́, ọyẹ́ kò sì tíì dé tí yóò fi eruku bo ojú ọ̀run. Ẹni tó bá lọ láàárín ọyẹ́ yóò gun òkè náà lásán, funfun ni yóò máa wò. Ẹni tó bá sì lọ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń sán ààrá, ewu ni ó ń wá, nítorí orí òkè gbalasa kì í ṣe ibi ìsápamọ́ fún mànàmáná.

Ọmọ náà fẹ́ fi ìgboyà bẹ̀rẹ̀. Ó dìde lórí ìjókòó, ó ń fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà, kí a tó pajú pẹ́, ó ti wọ kọ́rọ́. Nígbà tí àwa elẹ́sẹ̀ máa dé ibẹ̀, ó ti jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Mo fún un ní omi, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo mọ̀ fún un. Bí ọ̀nà bá fi mítà 3 ga nínú gbogbo 100 mítà, ọmọdé lè máa wa kẹ̀kẹ́ kí ó sì máa sọ̀tàn. Bí ó bá di mítà 8, yóò nílò jíà tó fúyẹ́ jù lọ. Bí ó bá kọjá 12, ọ̀pọ̀ wa, àbùkù kò sí níbẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ kí a tì í. Kí o yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ kí o tó dé ibi gíga, má ṣe dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń wúwo, nítorí ṣéènì lè já tàbí kí ó fò. Jókòó, má dìde ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwọ̀n ìyára tí o bá mọ̀ pé o lè bá dé òkè ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀.

Nígbà tí ó gbọ́ tó sì ṣe bẹ́ẹ̀, kò dúró mọ́ bí ti àkọ́kọ́. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ òun yá ju táyà méjì lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn Sàhábà, bí wọ́n bá ń gun ibi gíga nínú ìrìn àjò, wọ́n a máa gbé Ọlọ́hun tóbi, bí wọ́n bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n a máa ṣe àfọ̀mọ́ fún Un. Àwa náà ń ṣe é. Yàtọ̀ sí láádá rẹ̀, mo ṣàkíyèsí ohun kan: ẹni tó bá ń dá ẹnu rẹ̀ lóhùn ní ìtẹ̀lé-ìtẹ̀lé báyìí kò lè sáré ju èémí rẹ̀ lọ. Èmi tí mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ni mo fi ń wọn ìrìn mi.

Ní ìdajì ọ̀nà, a pàdé bàbá àgbàlagbà kan tí ó ru igi bọ̀ láti òkè. A kí i, ó dáhùn. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo ọmọ, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gígun ni agbára, sísọ̀ ni ọgbọ́n. Bíréèkì rẹ dára bí?"

Ọmọ mi ní, "Ó dára, bàbá."

Ó kọjú sí mi, ó ní, "Àlájì, ṣé ẹ gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé etí nìkan ni mo fi gbọ́ ọ.

OHUN TÍ A RÍ LÓKÈ

Afẹ́fẹ́ orí òkè tutù ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí a bá gòkè ní 400 mítà, ooru sábà máa ń fi dígíríì méjì tàbí mẹ́ta dín kù, àwọn tí ooru Lọ́kọ́jà ti fìyà jẹ mọ iyì ìyẹn. Igi oṣè ńlá kan wà níbẹ̀, òpó gíga àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifóònù wà níbẹ̀, ilé ìsinmi kékeré tí a ń fi orúkọ Lugard pè náà sì wà níbẹ̀. Lọ́kọ́jà ni Lugard ti gbé àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, tí ó di Kọmíṣọ́nà Àgbà fún ilẹ̀ Àríwá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sọ fún yín pé orí òkè yìí ni Flora Shaw jókòó sí, tí ó wo odò méjèèjì, tí ó sì fún orílẹ̀-èdè wa ní orúkọ. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọdún rẹ̀ kò bára mu. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti kọ orúkọ náà jáde ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1897, kò sì di ìyàwó Lugard títí di ọdún 1902. Kí a kọ́ ọmọ wa ní èyí tó jẹ́ òótọ́. Òkè náà kò nílò irọ́ kí ó tó ní iyì.

Ọmọ mi kò tilẹ̀ bìkítà fún ìtàn yẹn. Ó ti lọ dúró sí etí òkè, níbi tí mo ní kí ó dúró sí, kì í ṣe ìṣísẹ̀ kan síwájú. Odò Ọya ń bọ̀ láti apá òsì wa, Bẹ́núé sì ń bọ̀ láti ìhà ìlà-oòrùn, àwọ̀ wọn kò sì rí bákan náà níbi tí wọ́n ti pàdé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ọ̀kan, tí wọ́n kọjú sí gúúsù, tí wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ Ganaja kọjá. A wá òrùlé ilé wa títí a fi rò pé a rí i.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá mi, ẹ wo ọ̀nà wa. Ọ̀nà ni ó súnmọ́ omi ju ilé wa lọ."

Mo wò ó, òótọ́ ni. Láti inú ilé, a kò lè mọ̀. Láti òkè yìí, ó hàn gbangba pé níbi mélòó kan ojú ọ̀nà tí a ń tọ̀ wọ ìlú rẹlẹ̀ ju ibi tí ilé wa wà lọ. Ìyẹn ni pé kí omi tó kan ẹnu ọ̀nà wa, omi yóò ti gba ọ̀nà tí a fẹ́ sá gbà. Ọmọ tí ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu ọ̀nà lóru, ibi tí kò yẹ kí ó wò ni ó ń wò. Èmi náà, bàbá rẹ̀, ibi kan náà ni mo ń wò ní ọdún 2022, nígbà tí ìròyìn ti jáde láti oṣù kẹsàn-án pé wọ́n ti ṣí omi sílẹ̀ láti ìdídò Lagdo ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù sínú odò Bẹ́núé. Mo ń sọ pé, "Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa." Ọjọ́ tí mo gbà pé ó ti dé, inú ọkọ̀ ojú omi ni mo gbé àwọn ọmọ sí.

Ibẹ̀ náà, lórí òkè, nígbà tí a ń jẹ ẹ̀pà, ni a ti fẹnu kò. Bí wọ́n bá ti kéde pé odò ń kún, a kò ní dúró wo ẹnu ọ̀nà mọ́. Ọ̀nà ni a ó máa wò. Ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, oògùn mi àti aṣọ díẹ̀ yóò ti wà nínú àpò kan. Bí omi bá fi lè dé ibi tó rẹlẹ̀ jù lójú ọ̀nà, a ti gbéra. Mo rí i tí ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ìbẹ̀rù tí kò ní ìmọ̀ nínú ni ó ń jí i lóru. Nígbà tí ó mọ ohun tí yóò máa ṣọ́, ìbẹ̀rù náà ní ibi tí yóò jókòó sí.

SÍSỌ̀ NI ỌGBỌ́N

Ọ̀rọ̀ bàbá eléigi ṣẹ nígbà tí a ń bọ̀. Mo sọ fún ọmọ náà kí ó rọra, ó sì rọra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ibi kan tí ọ̀nà ti dà gẹẹrẹ, mo gbọ́ tí bíréèkì ń han bí ohùn asín, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ń lọ. Ó tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ kò dáhùn. Ìyá rẹ̀ pariwo orúkọ Ọlọ́hun. Ọlọ́hun sì fún ọmọ náà ní làákàyè: kò dojú kọ ìhà ibi tó jìn, ó darí kẹ̀kẹ́ sí ìhà òkè, sínú koríko, ó sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Ìgúnpá rẹ̀ bó, orúnkún rẹ̀ bó, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Al-hamdu lillahi.

Nígbà tí mo yẹ kẹ̀kẹ́ náà wò, rọ́bà bíréèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán, irin ni ó kù. Wáyà ti iwájú sì ti dẹ̀. Mo ti wo táyà, mo ti wo ṣéènì, mo ti wo ìjókòó: gbogbo ohun tí yóò gbé e gòkè ni mo yẹ̀ wò. N kò wo ẹyọ kan nínú ohun tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn baba wa ti wí tipẹ́ pé bó ti wù kí a gun igi pẹ́ tó, ilẹ̀ ni a ń bọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú ìyá rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn délẹ̀, èmi ni mo sì ń ti kẹ̀kẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ fi kẹ̀kẹ́ gun òkè kankan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kí ó yẹ rọ́bà àti wáyà bíréèkì méjèèjì wò. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ṣe di bíréèkì mú láìjuwọ́ sílẹ̀, nítorí ó máa ń gbóná, agbára rẹ̀ sì máa ń dín kù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ dín ìyára kù kí ẹ tó wọ kọ́rọ́, ẹ má ṣe dúró di inú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi bíréèkì iwájú nìkan dúró lójijì, ó lè gbé ni sọ síwájú. Ẹ dé akoto. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọ̀ náà, kí ó tẹ orúnkún díẹ̀, kí ó máa gbé ìṣísẹ̀ kúkúrú, kí ó sì yàgò fún òkúta róbóróbó.

ÀWỌN TÓ LA Ọ̀NÀ SÍLẸ̀

Ohun kan tún kù. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ìyàwó mi àti àwọn yòókù gbà fún ìgbà díẹ̀ pín sí méjì ní ibi kan, wọn kò sì rí àmì kankan. Bí kò bá sí ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó sìn wá ni, wọn ì bá ṣìnà. Mo wá rántí ohun tí mo ti kà nípa ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1864, àwọn ènìyàn ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní agbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní Igbó Dúdú. Ní ọdún 1900, wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ kan láti ìlú Pforzheim dé Basel ní ilẹ̀ Switzerland, tí ó gùn tó kìlómítà 285. Àmì onígun mẹ́rin pupa tí wọ́n kùn sára igi àti òkúta ni arìnrìn-àjò ń tẹ̀lé. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ni ó ń tún un kùn títí dòní.

Àfonífojì odò Ahr tún wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, níbi tí wọ́n gbin èso àjàrà sí ẹ̀gbẹ́ òkè, tí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tó kìlómítà 35 sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun tí wọ́n ń fi èso náà ṣe kò kàn wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n là kàn wá. Ohun mìíràn níbẹ̀ tún kàn wá. Ní òru ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2021, odò kékeré yẹn kún lójijì, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 130 ní àfonífojì náà. Wọ́n lówó jù wá lọ, wọ́n ní ẹ̀rọ jù wá lọ, omi kò wo ìyẹn. Ẹni tó ń gbé láàárín odò àti òkè, níbikíbi láyé, ó yẹ kí ó mọ méjèèjì dáadáa.

Nítorí náà, mo ń rọ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa: agolo ọ̀dà kan àti búrọ́ọ̀ṣì méjì kò kọjá agbára wa. Kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ tó ni oko, kí a kun àmì sí ibi tí ọ̀nà ti pín. Kí a sì gbé ike omi wa padà sílé, kí a má fi ọ̀rá ba òkè jẹ́. Mímú ohun tó lè ṣe ènìyàn ní ṣùtá kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́ ni.

Bí ẹ kò bá sì gbé Lọ́kọ́jà, òkè kan kò ní ṣàì wà nítòsí yín. Òkúta Olúmọ wà fún ará Abẹ́òkúta. Àwọn òkè Ìdànrè wà fún ará Oǹdó, pẹ̀lú àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, ẹ gbéra ní kùtùkùtù, ẹ má bá ẹnikẹ́ni du eré. Bí ẹ bá dé òkè, ẹ bá wọn wá òrùlé ilé yín, kí ẹ sì bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ rí tí a kì í rí nísàlẹ̀?"

Ọgbẹ́ ìgúnpá ọmọ mi ti jinná. Rọ́bà bíréèkì tuntun wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀ lóru. Mo dìde láti lọ wò ó bóyá ó ti mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ń sùn.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ìgòkè wa, kí Ó sì ṣọ́ ìsọ̀kalẹ̀ wa. Àmín.